Ààlè Orí Tẹ̀tẹ̀ Màámi

Wọ́n gé oko ìyá mi lulẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, lórí ilẹ̀ wa, láìkan ilẹ̀kùn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní àyíká làwọn ń tún ṣe.

Mo fẹ́ rò ó bó ṣe jẹ́, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n ń kó ẹ̀sùn àwọn aláìsàn wá bá. Èmi ni mò ń wádìí ẹni tó ṣe é, ẹni tó yẹ kó dá a dúró tí kò dá a dúró, àti ẹni tó rí i tó dákẹ́. Mo mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé "ó ṣeni láàánú pé irú èyí ṣẹlẹ̀" yàtọ̀ sí "àwa la ṣe é." Nítorí náà, n kò ní fi tẹlòmíràn hàn kí n wá fi tèmi pamọ́. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí, ẹ óò rí mi níbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní St. Albans, ní Queens ti New York, kò tóbi. Mọ́tò méjì ló lè gbà, èkejì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fimú gún ògiri. Koríko ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo máa ń gé ní ọjọ́ Sátidé bí gbogbo ará àdúgbò. Ìparí oṣù karùn-ún ni Màámi dé láti Ìbàdàn, tí wọ́n fẹ́ lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ mi títí di oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ká aṣọ fèrèsé ẹ̀yìn sókè, wọ́n wo koríko náà títí.

"Ẹran wo ló ń jẹ ẹ́?"

"Kò sí ẹran níbí, Màámi."

"Ìwọ fúnra rẹ ò sì jẹ ẹ́."

"Ẹ̀ṣọ́ ni, Màámi."

"Ẹ̀ṣọ́." Wọ́n mi orí. "Ilẹ̀ tó dúdú tó báyìí, ẹ wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́."

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, Màámi ti yá ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bàbá tó ń gbé ilé ọwọ́ ọ̀tún wa. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá kò gbọ́ Yorùbá rárá, Gẹ̀ẹ́sì Màámi kò sì kọjá kí wọ́n kí èèyàn káàárọ̀.

"Kí lẹ wí fún wọn, Màámi?"

"Mo ní kí wọ́n yá mi ní ṣọ́bìrì."

"Lédè wo?"

"Wo ọwọ́ mi. Ṣé ṣọ́bìrì kọ́ nìyí?"

Láti ọjọ́ yẹn, oko ni Màámi ń pe ibẹ̀. "Mò ń lọ sóko," wọ́n á wí, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì jáde, ẹsẹ̀ mélòó kan péré, wọ́n ti dóko. Wọ́n gbin tòmátì, wọ́n gbin ata àti ilá. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ni ọkàn wọn wà.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé tẹ̀tẹ̀ yìí, nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ náà. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ìdí igi rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, bí èèyàn bá sì sè é, kì í ṣomi. Ìyá tó bí Màámi ló máa ń gbìn ín létí odò ní abúlé wọn, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ lòun náà sì ti gbà á. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹbí ta ilẹ̀ etí odò náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Màámi sáré lọ kí katakata tó dé, wọ́n fọwọ́ ra irúgbìn tó kù sínú aṣọ ìnujú. Wọ́n fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ nílé nínú ìgò, kòkòrò jẹ ẹ́. Ìdajì yòókù ni wọ́n dì mọ́ ìṣẹ́tí ìborùn wá sí New York. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe gba ẹnubodè kọjá, mi ò sì fẹ́ mọ̀.

"Jẹ́ ká tọ́jú díẹ̀ pamọ́," Màámi wí. "A kì í da gbogbo irú sílẹ̀ tán."

"Ẹ gbìn ín tán, Màámi. Ilẹ̀ ibí lọ́ràá. Ìlọ́po ẹ̀ lẹ máa kó lọ sílé."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n gbọn ìṣẹ́tí ìborùn náà sórí ebè títí kò fi ku ẹyọ kan. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá fi ti ìmọ̀ tiwa ṣe, kò sí ibòmíràn tí irú tẹ̀tẹ̀ náà wà láyé mọ́ àyàfi ẹ̀yìnkùlé mi.

Oṣù keje wọlé, ooru dé. Ẹni tí kò bá mọ ìhà gúúsù Queens nígbà ooru, kó ronú inú ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé. Kí n tó rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì láàárọ̀, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Òjò á rọ̀, dípò kí ara tu èèyàn, ọ̀dà ojú títì á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Màámi tí wọ́n dàgbà sínú oòrùn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra lójoojúmọ́.

"Ooru Ìbàdàn ń yanni ni," wọ́n ní. "Tibí ń seni."

Tẹ̀tẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Bí ooru ṣe ń mú wa mọ́lẹ̀ ni òun ń dìde. Màámi gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú fèrèsé, omi tó ń kán sínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń já ewé ti àárín oko, a ń sè é, a ń fún bàbá ilé ọ̀tún nínú rẹ̀, bàbá náà ń dá abọ́ padà pẹ̀lú àgbàdo tútù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní etí òsì, Màámi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

"Ìyá irúgbìn nìwọ̀nyẹn. Jẹ́ kí wọ́n gbó."

Wọ́n gbó lóòótọ́. Wọ́n ga jù mí lọ. Wọ́n so ṣírí gígùn tó wúwo, tó ń fà wọ́n tẹ̀ wálẹ̀. Màámi á ra ṣírí kan ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, wọ́n á fi irúgbìn hàn mí: funfun, kò tíì dúdú. Bí irú tẹ̀tẹ̀ kò bá dúdú, kò lè hù. Ó ku díẹ̀, wọ́n ní, ooru díẹ̀ sí i.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wò, yóò wo etí òsì oko Màámi, yóò sì rí igbó. N kò fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni láre. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ilé tó wà lọ́wọ́ òsì wa kò ní olùgbé. Ilé-iṣẹ́ kan ló rà á, wọ́n tì í pa, wọ́n lọ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di ibùgbé eku àti ẹ̀fọn. Ọgbà onípákó tó wà láàárín wa wó nígbà òtútù, wọn kò sì gbé e dìde. Òpó rẹ̀ nìkan ló ku sórí ìdúró. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọn kò fèsì. Mo wá fẹjọ́ sun ìjọba ìlú, mo sì fẹjọ́ náà sùn dáadáa. Mo ya fọ́tò. Mo ṣàpèjúwe. Mo kọ ọ́ pé igbó tó ga ju èèyàn lọ wà létí ọgbà tó wó, mo sì bèèrè pé kí wọ́n gé e kanlẹ̀.

Màámi yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ilé òfìfo náà, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

"Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ló pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn o! Ẹ̀fọ́ lò ń fẹjọ́ ẹ̀ sun ìjọba?"

"Eku ni mò ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn, Màámi."

"Eku ò gbọ́ ìwé. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n máa mú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó wá ka mítà gba àárín oko kọjá, ó tẹ ìyá irúgbìn kan mọ́lẹ̀. Màámi kò bínú, wọ́n kàn pa ààlè sí i. Wọ́n wá ọ̀pá kan, wọ́n so ṣùkù àgbàdo tí a ti jẹ mọ́ ọn, àti ìdí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó. Kò sí ìkarahun ìgbín nílé, nítorí náà wọ́n lo ìkarahun etí òkun tí mo kó wá láti Rockaway. Wọ́n wá fi àkísà pupa kan wé e lórí, aṣọ àlòkù mi kan tó ti gbó. Wọ́n ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ní ìdí ìyá irúgbìn, ní iwájú òpó ọgbà gan-an.

Nílé wa, ọmọ kékeré mọ ààlè. Bí o bá rí i lórí igi ìdáná, lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lórí òkìtì yanrìn lẹ́bàá ọ̀nà, o ti mọ̀ pé nǹkan náà ní ẹni tó ni ín, àti pé bí ẹni náà kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, kì í ṣe pé nǹkan náà kò ní olówó. O ó gba ibòmíràn kọjá. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màámi, a sì ti ya wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kí wọ́n tó bí mi. Wọn kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. "Ìkìlọ̀ ni," wọ́n ní. "Ìwé ẹni tí kò mọ̀wé ni."

Bàbá ilé ọ̀tún fara ti ọgbà wọn, wọ́n ń wo ọ̀pá náà. Màámi nàka sí ààlè, wọ́n nàka sí tẹ̀tẹ̀, wọ́n wá ju ìka méjèèjì bí ẹni ń lé adìyẹ: má débẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n sọ fún Màámi pé ìyá àgbà tó tọ́ àwọn dàgbà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ní Carolina, máa ń so àkísà pupa mọ́ oko, àti pé ẹgba ló máa ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ọmọdé bá kọjá á.

"Sọ fún wọn pé ìyá wọn gbọ́n," Màámi wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí.

Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ìjọ wa kàn mí ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ. Ilé ti gbóná jù, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni mo tò àga sí, lábẹ́ ibòòji ilé. Bí mo ṣe ń to àga, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ààlè: àkísà pupa, ìkarahun, ìgbálẹ̀. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin ìjọ wa kan ní Co-op City tó so ewé gbígbẹ kan mọ́ ẹnu ọ̀nà bákónì rẹ̀, tó ní ẹ̀fọn lòun fi ń lé. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu nínú ìjọ, pé oògùn ni, èmi náà sì bá wọn jẹ níbẹ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá rí tèmi ńkọ́? Màámi ń wẹ̀ lọ́wọ́. Mo fa ọ̀pá náà tu, mo dì í sínú nylon, mo tì í sẹ́yìn àwọn àpótí nínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ní bí àwọn àlejò bá lọ, màá dá a padà.

Àwọn àlejò wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun. Ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn tiẹ̀ yin oko Màámi, ó ní tẹ̀tẹ̀ náà rán òun létí ilé. Kò sí ẹni tó bèèrè ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n lọ, ó rẹ̀ mí, abọ́ pọ̀ nílẹ̀, mo sùn. Lọ́jọ́ Àìkú a lọ sí ìjọ, láti ìjọ a lọ kí ọmọ ìlú wa kan tó bímọ ní Mount Hope, a pẹ́ kí a tó dé. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ síbi iṣẹ́. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, Màámi kò lọ bomi rin oko, wọn kò sì mọ̀ pé ọ̀pá ti kúrò. Bí èèyàn bá bi mí pé kí ló dá mi dúró, n kò ní ìdáhùn tó dára ju pé mo gbàgbé. Níbi iṣẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fi "mo gbàgbé" fèsì ẹ̀sùn, n kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá. Mo wà níbi iṣẹ́, Màámi wà níbi ìpàdé àwọn àgbàlagbà ní ìjọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni ilé òfìfo rán àwọn òṣìṣẹ́ wá láti gé igbó, nítorí pé ìjọba ìlú ti kìlọ̀ fún wọn, nítorí pé èmi ti fẹjọ́ sùn. Wọ́n gé ti ọ̀dọ̀ tiwọn tán, wọ́n rí òpó ọgbà láìsí ọgbà, wọ́n kọjá rẹ̀. Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀: wọ́n fi tòmátì sílẹ̀. Wọ́n fi ata sílẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ yí ẹ̀rọ wọn yí ìdí ilá ká, bóyá nítorí òdòdó rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n kò mọ̀, wọ́n sì gé e kanlẹ̀, ti àárín àti ti etí. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńláńlá, wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí mo dé, Màámi jókòó sórí àga kan nínú oko. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àga ìpàdé àdúrà tí n kò tíì kó wọlé. Ooru náà wà síbẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọn kò fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Ṣírí kan tí àwọn òṣìṣẹ́ náà gbàgbé sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti rà á.

"Funfun," wọ́n ní.

Mo gbé àpò mi sílẹ̀ lórí ebè.

"Wọ́n máa ń sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́." Wọ́n gbọn ọwọ́ wọn. "Ó tẹ́ o." Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ìdí òpó ọgbà. "Ààlè mi dà?"

Bàbá ilé ọ̀tún ni kò jẹ́ kí n dáhùn. Wọ́n ti ń dúró dè mí. Wọ́n wá síbi ọgbà wọn, ẹ̀rù àti ìbínú wà lójú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá.

"Mo sáré jáde nígbà tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ," bàbá ní. "Mo ní ẹ dúró, oko Mama nìyẹn. Ọ̀gá wọn ní wọ́n ní káwọn gé gbogbo ohun tó ga létí ọgbà tó wó. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, Mama ti sàmì sí i, ẹ wo àkísà pupa yẹn, ibi tí ẹ bá ti rí àkísà pupa, ẹ má kàn án. Ọkùnrin yẹn pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wò ó. Ó ní, 'Bàbá, níbo?' Mo wò ó, mi ò rí i. Mo ń wá a kiri bí arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní kí n máà bínú, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Kí ló ṣe àkísà yẹn?"

"Kí ni wọ́n wí?" Màámi bi mí.

Èmi ni ẹnu wọn àti etí wọn ní New York. Ní báńkì, lọ́dọ̀ dókítà, nínú ọjà, ohun tí mo bá sọ ni wọ́n gbọ́. Mo dúró láàárín àwọn àgbà méjì náà, mo sì túmọ̀ báyìí:

"Wọ́n ní àwọn gbìyànjú láti dá wọn dúró, wọn ò gbọ́."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn?"

"Wọ́n ní ó dun àwọn."

Màámi tẹríba fún bàbá. Bàbá ń wò mí. Bàbá kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó sì mọ kúkúrú.

"Àwọn tó gé e ló yọ ààlè náà," Màámi wí bí a ṣe ń wọlé. "Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kí ni kó ṣe?"

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti dojú ìjà kọ wọ́n. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, mo fi àwòrán ààlà ilẹ̀ wa ránṣẹ́, mo fi hàn pé gbogbo oko náà wà ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa. Wọ́n fèsì pé ohun tí ìjọba ìlú pa láṣẹ làwọn ṣe. Mo fóònù ìjọba ìlú. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ẹ̀sùn mi ti yanjú.

"Èwo nínú ẹ̀sùn mi?"

"Ti igbó, mà. Wọ́n ti gé e."

"Ẹ̀fọ́ ìyá mi ni wọ́n gé!"

"Irú òdòdó wo ni, mà?"

"Kì í ṣe òdòdó. Tẹ̀tẹ̀ ni." Mo sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì fún un. Mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"Mà, níbí, ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní igbó."

Inú bí mi gidigidi. Mò ń kọ ìwé lójoojúmọ́ ní àkókò ìsinmi oúnjẹ. Màámi ń wò mí tí mò ń kọ ọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi ò ní gbà fún wọn." Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ó dà bí kí ilẹ̀ lanu. Bí mo bá ṣe ń kọ ìwé sí wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń mọ̀ pé ìbínú mi gbà mí láyè láti má sọ òótọ́ nínú ilé ara mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Màámi padà sílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo wà ní kíṣìnnì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo rántí. Kí n tó dé ọ̀hún, nylon náà ti wà lọ́wọ́ wọn, ó ti ṣí.

"Kí lèyí ń ṣe níbí?"

"Màámi."

"Mo ní àwọn tó wá gé e ló yọ ọ́. Mo tiẹ̀ ń bá wọn wá àwíjàre. Mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n gbé ìkarahun náà sókè. "Àṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yọ ọ́."

"Àwọn ará ìjọ ló ń bọ̀, Màámi. Mo fẹ́ dá a padà."

"Kí ni wọn ì bá ṣe bí wọ́n bá rí i?"

"Wọn ì bá sọ̀rọ̀."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ń gé ẹ̀fọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde, wọn kò sì gbá mi. Wọ́n yí ìkarahun náà wò ní ọwọ́ wọn.

"Bàbá yẹn. Lọ́jọ́ yẹn. Kí ni wọ́n wí gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún wọn, gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: àkísà pupa, ẹ̀rọ tí ọkùnrin náà pa, "Bàbá, níbo?", bí bàbá ṣe ń wá a kiri. Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹni tí kò gbọ́ èdè mi dúró ti ààlè mi," wọ́n ní. "Èmi sì tẹríba fún wọn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹnu mi ni mo fi ọ́ ṣe níbí. Kí ló dé tí o fi ń gbé nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí mi mì?"

Wọ́n jáde lọ sóko pẹ̀lú ọ̀pá náà. Kùkùté tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ ti tún rú, kúkúrú kúkúrú, ó ti ń yọ ṣírí tí kò tó ìka ọwọ́. Màámi ri ààlè mọ́lẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Wọ́n wá lọ síbi ọgbà ọ̀tún, wọ́n pe bàbá, wọ́n di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní Yorùbá. Wọn kò ní kí n túmọ̀.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ìgbà tí mo ń tún ìborùn wọn ṣe ni mo rí ìṣẹ́tí rẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán an padà láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Máa bomi rin ín," wọ́n ní. "Bó bá dúdú, kó o kó o. Má sì yọ ọ̀pá yẹn."

Mo bomi rin ín. Mò ń ra ṣírí rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Òtútù àkọ́kọ́ dé, gbogbo rẹ̀ rọ dúdú lóru ọjọ́ kan, ewé àti igi, àyàfi irúgbìn inú rẹ̀. Funfun ni. Mo fóònù Màámi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa." Ọ̀pá náà ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo ló ń ṣọ́.

Nítorí náà, mo tún ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé yìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, torí pé mo ti fi tèmi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé òfìfo yẹn: kí ló dé tí ọgbà yín fi wà nílẹ̀ láti ìgbà òtútù tí ẹ kò fi gbé e dìde? Ta ló sọ fún àwọn èèyàn yín pé kí wọ́n kọjá òpó? Nígbà tí bàbá arúgbó kan dá wọn dúró, tó ní oko ẹnì kan nìyí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kan ilẹ̀kùn wa, kó dúró de ẹni tó ni ín? Níbo lẹ da àwọn àpò náà sí? Ẹ̀yin ìjọba ìlú: ta ló wá fojú rí i kí ẹ tó ní ẹ̀sùn mi ti yanjú? Ta ló ń pinnu fún yín pé ohun tí ìyá kan fi bọ́ ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà fi bọ́ tirẹ̀, igbó ni? Èmi ni mo ní kí a gbìn ín tán, èmi ni mo kọ̀wé pè yín, èmi ni mo yọ ààlè, èmi sì ni mo gé ọ̀rọ̀ bàbá kúrú. Mo ti sọ ọ́ lójú ìyá mi, lórí eékún mi. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ dá mi lóhùn.